Ẹ Kọ Ọ́ Sílẹ̀ Kí Ẹ Tó Sọ Ọ́: Fún Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ Fẹ́ Gbé Eré Àtìgbàdégbà Yín Lọ Bá Olówó

Ìbéèrè tí àwọn ọmọ tó ń kọ eré ní Adó-Èkìtì máa ń bi mí jù ni pé: "Àǹtí, bí mo bá sọ ìtàn mi fún wọn, tí wọ́n bá lọ ṣe é láìpè mí ńkọ́?" Ẹ̀rù yẹn tọ́. Eré ni mò ń kọ jẹun, mo sì ti rí i tí ìtàn ọlọ́ràn di ti ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n èyí tí mo rí jù ni ti àwọn tí ìtàn gidi wà lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n dì í mọ́ra nítorí olè, tí ìtàn náà fi kú sínú fóònù wọn. Ìtàn tí a fi pamọ́ kò ní ààbò kankan, nítorí kò sí ẹ̀rí pé ó fìgbà kan wà. Ìwé ni ààbò. Ẹ kọ ọ́, ẹ fi déètì sí i, ẹ fi orúkọ yín sí i, lẹ́yìn náà kí ẹ máa sọ ọ́ ní gbangba.

Ohun tí òfin mọ̀ ní tiyín

Òfin copyright, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí ẹni tó ṣe iṣẹ́ ọpọlọ ní lórí iṣẹ́ rẹ̀, tí a ń lò ní Nàìjíríà báyìí ni ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta ọdún 2023. Òfin náà kò dáàbò bo èrò. Iṣẹ́ tí ènìyàn fi ọpọlọ ara rẹ̀ ṣe, tó sì ti wà nínú ìwé, nínú fídíò tàbí nínú ohùn tí a gbà sílẹ̀, ni ó mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ogun Kírìjì, tí wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà rẹ̀ ní 1886. Ta ni kò mọ Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí, akọni ogun náà, ní Èkìtì? Bí ènìyàn mẹ́wàá bá jí lọ́la tí wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe eré àtìgbàdégbà (series) lórí Fábùnmi, kò sẹ́ni tó lè pe ẹnì kejì lẹ́jọ́. Ìtàn gbogbo wa ni. Ṣùgbọ́n bí ìwọ bá dá ọ̀dọ́mọbìnrin kan sílẹ̀ nínú eré rẹ, tó ń rọ ọfà fún àwọn ọmọ ogun, tó sì ń fi àmì bàbá rẹ̀ tó ti kú sára ọfà kọ̀ọ̀kan, tí o kọ ohun tó sọ fún Fábùnmi lóru ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ jáde, ọ̀dọ́mọbìnrin yẹn di tìrẹ. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ di tìrẹ. Láti ìgbà tí o ti kọ ọ́ ni ẹ̀tọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, láìjẹ́ pé o lọ gba ìwé kankan, yóò sì wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ.

Ẹ̀yin tí eré yín jẹ́ ti ìdíje tàbí ti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, nítorí tiyín le jù. Hughie Green, gbajúmọ̀ atọ́kùn ètò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pe ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán New Zealand lẹ́jọ́ pé wọ́n ṣe ètò ìdíje ẹ̀bùn àbínibí òun. Orúkọ kan náà ni ètò méjèèjì ń jẹ́, gbólóhùn tí òun máa ń fi pe olùdíje jáde làwọn náà ń lò, wọ́n tilẹ̀ ní irú ẹ̀rọ tó fi ń wọn àtẹ́wọ́. Ẹjọ́ náà dé Privy Council, ilé ẹjọ́ gíga kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1989, Green sì pàdánù. Àwọn adájọ́ ní gbólóhùn díẹ̀ àti ìlànà eré kò tó láti pè ní iṣẹ́ tí òfin ń dáàbò bò. Nítorí náà, bí ètò yín bá jẹ́ ti ìdíje, ẹ kọ gbogbo rẹ̀: òfin ìdíje, bí ipele kan ṣe ń wọnú èkejì, ohun tí atọ́kùn máa sọ, bí pèpéle ṣe rí, apá (episode) kan látòkèdélẹ̀ bí yóò ṣe rí gan-an. Bí ó bá ṣe kún tó ni ọwọ́ yín ṣe lè dè é tó.

Láti èrò di ìwé

Mò ń kọ eré kan lọ́wọ́ báyìí, ẹ jẹ́ kí n fi ṣe àpẹẹrẹ. Ohun tó kọ́kọ́ wà nínú ìwé mi ni: "Eré nípa ìdílé tó ń ta iyán ní Ìkẹ́rẹ́." Ìyẹn kì í ṣe tèmi. Tẹnikẹ́ni tó bá ti jẹ iyán ní Ìkẹ́rẹ́ rí ni. Ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀ báyìí:

"Lẹ́yìn ikú ìyá wọn, àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tí wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ jọ máa gún iyán ní búkà tó fi sílẹ̀ fún ọdún kan gbáko, nítorí ìyá náà ti kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún pé ẹni tó bá kọ́kọ́ kúrò nídìí odó ti pàdánù ilẹ̀ tí búkà náà wà."

Ẹ rí i pé ìjà wà níbẹ̀, ohun tí wọ́n ń jà lé wà níbẹ̀, ọjọ́ tí yóò parí náà wà níbẹ̀. Pàtàkì jù, ó lè máa bí ọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yìí, àbúrò rí iṣẹ́ ní Èkó. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọkọ ẹ̀gbọ́n ní kó wá sílé tàbí kó má padà wá mọ́. Ohun tó ya eré àtìgbàdégbà sọ́tọ̀ nìyẹn. Fíìmù kan lè dá lórí ọ̀ràn kan tó parí ní wákàtí méjì. Eré àtìgbàdégbà ń fẹ́ ibi tí ọ̀ràn ti ń hù. Olówó yóò bi yín léèrè rẹ̀, ẹ má tíì lọ bá a bí ẹ kò bá ní ìdáhùn.

Lẹ́yìn gbólóhùn yẹn, ẹ kọ ojú ewé kan tó sọ ìtàn náà látòkèdélẹ̀, títí kan òpin rẹ̀. Ẹ má fi òpin pamọ́ fún ẹni tó fẹ́ náwó. Lẹ́yìn náà ni ìwé tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní bible: àwọn ènìyàn inú eré, ibi tó ti ń ṣẹlẹ̀, bí ó ṣe máa rí lójú, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní apá kọ̀ọ̀kan ní ìlà mẹ́rin márùn-ún. Ojú ewé mẹ́wàá tó. Kí ẹ wá kọ apá kìn-ín-ní tán pátápátá, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo wọn.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ lo àkókò sí ni àwọn ènìyàn inú eré. Ẹ má kọ "Mọ́rẹ́nikẹ́, ẹni ogójì ọdún, oníwà pẹ̀lẹ́." Èyí tí mo kọ nípa àkọ́bí nínú eré mi nìyí: "Mọ́rẹ́nikẹ́ kì í jẹ iyán. Ó ń gún un, ó ń bù ú, ó ń fi ọwọ́ lásán ṣù ú nígbà tó gbóná jù, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti lé e kúrò ní búkà níwájú àwọn oníbàárà, kò tíì fi òkèlè iyán kan sẹ́nu. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú ilé, nítorí ó máa ń sọ pé òun ti jẹun." Bí ẹnikẹ́ni bá gbé Mọ́rẹ́nikẹ́ yìí jáde, tí kò jẹ iyán, tí ìyá lé e níwájú oníbàárà, tó ń parọ́ pé òun ti jẹun, gbogbo ẹni tó bá gbé ìwé méjèèjì síwájú ara wọn yóò mọ̀ ibi tó ti wá. Bí mo bá ti kọ "oníwà pẹ̀lẹ́" ńkọ́? Kí ni mo fẹ́ fi jà?

Ẹ̀rí

Orúkọ yín, ọdún àti ©, kí ó wà ní ìsàlẹ̀ ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi gbogbo ẹ̀dà pamọ́: èyí tẹ́ ẹ fi bírò kọ, èyí tẹ́ ẹ tẹ̀ tí kò dára, èyí tẹ́ ẹ tún kọ. Ẹni tó jí iṣẹ́ kì í ní ẹ̀dà tí kò dára, èyí tó ti parí nìkan ló máa ń ní. Lálẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ bá parí ẹ̀dà kan, ẹ fi í ránṣẹ́ sí í-meèlì ara yín ní PDF. Àwọn kan ṣì ń fi ìwé sínú àpòòwé, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ara wọn láti pósọ́fíìsì, wọn ò ní tú u. Ẹ má gbára lé e, àpòòwé tí a kò lẹ̀ ṣeé fi ránṣẹ́ kí a tó wá ìwé fi sínú rẹ̀.

Èyí tó lágbára jù ni kí ẹ forúkọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ Nigerian Copyright Commission, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ copyright. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gbà á, ẹ lè ṣe é láti ilé yín ní Basírì tàbí Ajílósùn láìwọ mọ́tò lọ sí Àbújá. Òfin kò ní kí ẹ ṣe é kí ẹ tó ní ẹ̀tọ́, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí ìjọba yàtọ̀ sí "èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́." Apá kìn-ín-ní àti bible ni kí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má fi ojú ewé kan ṣoṣo sílẹ̀, nítorí ohun tó wà nínú ìwé náà nìkan ni ẹ̀rí náà bò.

Orúkọ eré yàtọ̀. Copyright kì í bo orúkọ. Trademark, ìyẹn fífi orúkọ tàbí àmì ọjà sílẹ̀ lábẹ́ òfin, ló ń bò ó, ìpele 41 ni ti ètò ìdánilárayá. Ọdún méje ni ti àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ẹ ó máa tún un ṣe fún ọdún 14. Owó wà níbẹ̀, nítorí náà mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n dúró dìgbà tí ẹni kan bá fi ọwọ́ gidi mú eré náà.

Bí ó bá jẹ́ ìtàn ẹni tó wà láyé lẹ fẹ́ lò, ẹ lọ bá a, kí ó fọwọ́ sí ìwé. Àwọn orin àti àlọ́ àtayébáyé náà ní ààbò nínú òfin wa bí ẹ bá fẹ́ fi wọ́n pawó, Commission yẹn kan náà ló ń fúnni láṣẹ. Ẹ sì dárúkọ ìlú tó ni ín. Ó yẹ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rẹ́ tẹ́ ẹ jọ kọ ọ́

Ibi tí ìjà pọ̀ sí jù nìyí, àwọn ènìyàn kì í sì í sọ ọ́. Ẹni tí ẹ̀ ń bẹ̀rù ni ilé iṣẹ́ ńlá ní Èkó. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yóò dà pọ̀ láàárín ẹ̀yin àti òun ni ọmọ kíláàsì yín ní Ọ̀yẹ́ tàbí ní EKSU tẹ́ ẹ jọ ń ronú rẹ̀ nídìí búrẹ́dì àti ẹ̀wà. Ta ló dá ìtàn sílẹ̀? Ta ló kọ ọ̀rọ̀ ẹnu? Ta ló ní kí ìyá kú ní apá kìn-ín-ní dípò apá kẹrin? Lọ́jọ́ tí kò tíì sí owó, gbogbo yín lẹ ó máa sọ pé "àwa la ni ín." Lọ́jọ́ tí owó bá dé, oníkálukú yóò rántí ohun tirẹ̀.

Ní ilẹ̀ wa, bí ènìyàn bá ní kí ọ̀rẹ́ òun fọwọ́ sí ìwé, ọ̀rẹ́ náà lè ní, "Ṣé o ò gbẹ́kẹ̀ lé mi ni?" Ẹ dá a lóhùn pẹ̀lẹ́tù pé ẹ gbẹ́kẹ̀ lé e, pé ẹni tẹ́ ẹ kò mọ̀ tó máa ra eré náà ni kò mọ̀ yín, òun ni yóò béèrè ìwé. Òtítọ́ sì ni. Olówó tó mọ ohun tó ń ṣe kì í ra eré tí kò mọ iye ẹni tó ni ín. Ìwé náà kò nílò gẹ̀ẹ́sì agbẹjọ́rò láti bẹ̀rẹ̀. Irú èyí tó:

"Àwa méjèèjì la jọ kọ eré yìí. Ìdajì ìdajì ni ẹ̀tọ́ wa àti owó wa lórí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọdọ̀ tà á tàbí fọwọ́ sí ìwé lórí rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kejì fọwọ́ sí i. Bí ẹnì kan bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹni tó kù lè máa bá a lọ, ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tó lọ kò ní kúrò lára apá tó kọ, owó apá yẹn yóò sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Bí ikú bá dé, ẹ̀tọ́ olóògbé di ti àwọn ajogún rẹ̀."

Ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i, kí oníkálukú mú ẹ̀dà tirẹ̀. Gbangba dẹkùn. Bí ẹ bá wá fẹ́ ya fídíò kékeré láti fi polówó eré náà, ẹni tó gbé kámẹ́rà, àwọn òṣèré, ẹni tó kọ orin, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n bá yín ṣe é. Ọ̀fẹ́ gan-an ló ń fa ọ̀rọ̀ jù.

Gbígbé e lọ

Ẹ má fi ohùn WhatsApp ránṣẹ́ sí gbajúmọ̀ òṣèré láàárín òru. Ẹ má sì fi gbogbo ìwé ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Gbólóhùn kan àti ojú ewé kan ni ẹ ó kọ́kọ́ fi lọ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá béèrè sí i, kí ẹ fi bible ránṣẹ́. Apá kìn-ín-ní ló kẹ́yìn.

Ẹ mọ ẹnu ọ̀nà tó ṣí. Netflix kì í gba eré lọ́wọ́ ẹni tí wọn kò mọ̀. Aṣojú, agbẹjọ́rò tàbí producer (ẹni tó ń kó owó àti òṣìṣẹ́ jọ láti ṣe eré) tí wọ́n ti ń bá ṣiṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ mú yín wọlé. Amazon ti fà sẹ́yìn nínú eré tuntun ní Áfíríkà láti oṣù Kìn-ín-ní 2024. Africa Magic, ìkànnì eré orí DStv, máa ń kéde ohun tí wọ́n ń wá nígbà mìíràn. Bí wọ́n bá kéde, ẹ ka gbogbo ìlà rẹ̀. Bí wọ́n bá ní ìṣẹ́jú 26, ẹ má kọ ìṣẹ́jú 50. Nílé níbí, BSES (tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkìtì) àti NTA wà ní Adó. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n púpọ̀ nílẹ̀ wa, àkókò ni wọ́n ń tà, ẹ̀yin lẹ ó wá onígbọ̀wọ́ wá, nítorí náà ẹ wádìí ìyẹn kí ẹ tó jókòó pẹ̀lú wọn. Àwọn tó ń wá owó láti òde máa ń lọ sí AFRIFF, àjọ̀dún fíìmù ní Èkó, àti Durban FilmMart, ọjà fíìmù ní South Africa.

Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ láti Èkìtì, èrò tèmi ni pé producer tó ti ṣe eré méjì mẹ́ta tó dé ojú gbogbo ayé ni kí ẹ wá. Ẹ wo orúkọ tó ń kọjá lópin eré tó jọ tiyín. Ẹ kọ̀wé sí ẹni yẹn, kí ẹ sọ èyí tẹ́ ẹ wò nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Púpọ̀ nínú wọn kò ní fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò ní sọ ọ̀rọ̀ yín síta. Ẹ má bínú, ẹ má sì fi dandan lé e. Ìtàn tó jọra ń dé ọwọ́ wọn lójoojúmọ́, wọ́n sì ń bẹ̀rù kí a má pe àwọn lólè. Àwọn kan tilẹ̀ máa ní kí ẹ̀yin fọwọ́ sí tiwọn, pé àwọn lè ti ní irú eré bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀. Bí ìwé náà bá dúró síbẹ̀, ẹ lè fọwọ́ sí i. Bí ó bá ní gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá fi hàn wọ́n di tiwọn, ẹ gbé ìwé yín, ẹ máa lọ.

Bí wọ́n bá pè yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara ènìyàn. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti "eré yìí máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ lẹ́kọ̀ọ́." Èmi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ara Mọ́rẹ́nikẹ́ tí kì í jẹ iyán, mo sì máa ń dákẹ́ díẹ̀. Ẹni kan á béèrè ìdí. Ìbéèrè yẹn ni mò ń wá. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á ní: "Ṣé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ Ìkẹ́rẹ́? Ẹ ò lè gbé e wá sí Ìkẹjà ni?" Mo ní ìdáhùn tí mo ti múra rẹ̀: òkè Olósùnta ń wo búkà náà láti ẹ̀yìn, ilẹ̀ tí wọ́n ń jà lé jẹ́ ilẹ̀ ìdílé tí gbogbo àdúgbò mọ ìtàn rẹ̀, ẹni tó bá sì gbé e lọ sí Ìkẹjà yóò wá ìdí mìíràn tí àwọn ọmọ mẹ́ta kò fi lè tà á kí wọ́n pín owó. Wọ́n á tún béèrè èdè. Èmi máa ń ní àwọn àgbà inú eré yóò sọ Èkìtì, àwọn ọ̀dọ́ yóò sọ Yorùbá tí gbogbo wa gbọ́, àkọlé ìsàlẹ̀ yóò sì wà. Ẹ pinnu tiyín kí ẹ tó wọlé, pẹ̀lú iye apá, iye ìṣẹ́jú àti iye ibi tẹ́ ẹ ti máa ya á. Búkà kan, ilé kan, ojú ọ̀nà kan: owó rẹ̀ kéré, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Lọ́jọ́ yẹn kan náà, ẹ kọ í-meèlì sí wọn: "Ẹ ṣé tí ẹ gbà wá lálejò lónìí. Gẹ́gẹ́ bí a ṣe sọ, mo ti fún yín ní bible ojú ewé mẹ́wàá àti apá kìn-ín-ní eré yìí. Mo ń retí èsì yín." Ìlà mẹ́ta péré. Déètì, orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀, ohun tẹ́ ẹ fi sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti wọ inú àkọsílẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹjọ́ lọ́jọ́ iwájú, ohun tí agbẹjọ́rò yín máa kọ́kọ́ béèrè ni ẹ̀rí pé ìwé yín dé ọwọ́ wọn.

Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ ẹ

Ẹ má fọwọ́ sí ohunkóhun níbi tí wọ́n ti fi í lé yín lọ́wọ́. Ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò. Ohun mẹ́ta lẹ lè bá pàdé. Wọ́n lè fẹ́ ra eré náà pátápátá títí láéláé. Wọ́n lè fẹ́ gba àṣẹ láti lò ó fún ìgbà kan, ní ibì kan. Tàbí kí wọ́n san owó díẹ̀ kí ẹ má fi han ẹlòmíràn fún ọdún kan tàbí méjì, kí àwọn fi wá owó. Option ni wọ́n ń pè é. Títa pátápátá kò lè wáyé lórí ọ̀rọ̀ ẹnu lábẹ́ òfin wa, ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé tẹ́ ẹ fọwọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ yín fi níye lórí.

Níbi tí wọ́n bá kọ "gbogbo ọ̀nà, gbogbo ayé, títí láé," ẹ béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ìwé ìtàn, eré orí ìtàgé àti rédíò ṣe. Bí wọn kò bá fẹ́ ṣe wọ́n, kí ẹ yọ wọ́n kúrò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ pé orúkọ yín ni yóò wà lójú eré gẹ́gẹ́ bí ẹni tó dá a sílẹ̀, àti pé ẹ̀yin ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè bí wọ́n bá fẹ́ kọ abala kejì. Fún èmi, orúkọ yẹn ṣe pàtàkì ju owó àkọ́kọ́ lọ, nítorí òun ló ń ṣí ilẹ̀kùn eré tó tẹ̀lé e.

Bí ó bá jẹ́ option, ẹ kọ ọjọ́ tó máa parí sórí kàlẹ́ńdà ara ògiri yín. Bí ọjọ́ náà bá pé tí wọn kò tíì ya nǹkan kan, tí wọn kò sì sanwó láti fi kún un, ẹ kọ lẹ́tà sí wọn pé àkókò ti parí, eré náà ti padà sọ́wọ́ yín, ẹ fi ẹ̀dà lẹ́tà náà pamọ́, kí ẹ sì pe producer kejì tó wà lórí ìwé yín lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.